Ẹ Sọ Òótọ́ Àwòrán Wa fún Wa

Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn àgbà ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá, àwọn olóyè ẹgbẹ́ wọn, àti gbogbo ẹni tó ní sítúdíò

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa,

Ẹ̀yin lẹ ya ìkómọ wa, ẹ̀yin lẹ ya ìgbéyàwó wa, ẹ̀yin náà lẹ ya àwọn àgbà wa kí wọ́n tó wọ káà ilẹ̀. Ilé tí iṣẹ́ yín kò sí lára ògiri rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, bí mo bá ní ẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwòrán, ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kí n gbé e wá.

Èmi kì í ṣe ayàwòrán oníṣẹ́. Olùkọ́ ni mí, mo ń ya àwòrán nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Irú wa pọ̀ nígboro báyìí: nọ́ọ̀sì tó ń ya ọjà nígbà tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń ya àwọn ilé alámọ̀ tó kù ní àdúgbò bàbá rẹ̀, aránṣọ tó ń ya aṣọ tó bá rán, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó ń ya ẹyẹ nínú ọgbà rẹ̀. A kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àìsí kámẹ́rà kọ́ ló ń dà wá láàmú, torí fóònù òde òní ń ya ojú ènìyàn ní alẹ́ níbi tí fíìmù àtijọ́ kò ti lè yà á láìsí fílásì. Ohun tí a kò ní ni ẹni tí yóò fara balẹ̀ wo àwòrán wa, tí yóò sì sọ òótọ́ ohun tó rí níbẹ̀ fún wa.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ẹni náà á gbé àwòrán jáde. Ọ̀rẹ́ á ní, "Ó fín gan-an!" Ìyàwó á ní, "Ó dùn ún wò." Àbúrò á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di ọ̀gá." Tọkàntọkàn ni gbogbo wọn fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ohun tó fín níbẹ̀. Ṣé ìmọ́lẹ̀ ni? Ṣé ibi tí wọ́n mú ẹni náà jókòó sí ni? Àbí torí pé ojú ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n rí? Bí ọdún bá gorí ọdún lórí irú ìyìn bẹ́ẹ̀, àléébù tó wà nínú àwòrán àkọ́kọ́ á ṣì wà nínú èyí tí onítọ̀hún yà lánàá, kò sì ní mọ̀. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ló ń rí i, ẹ̀yin lẹ sì dúró lẹ́yìn wa.

Ẹ̀yin kò kọ́ṣẹ́ tiyín báyìí. Nígbà ayé fíìmù, ọmọ iṣẹ́ kò lè ya àwòrán kó sì kì í bọ àpò. Ìbáà jẹ́ fíìmù tó gba àwòrán 36, ìbáà jẹ́ èyí tó fẹ̀ tó gba 12 péré, owó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá á gbé nẹ́gẹ́tíìfù sókè sójú ìmọ́lẹ̀, á máa wò ó níkọ̀ọ̀kan: ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún èyí, ọwọ́ rẹ mì nígbà tí o ya èyí, o gé tọ̀hún lẹ́sẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá fọ fọ́tò tí ó dúdú jù nínú yàrá òkùnkùn, ọ̀gá á ní kó lọ tún un fọ̀. Ọ̀gá kò lè dákẹ́, torí àdánù ṣọ́ọ̀bù ni àṣìṣe ọmọ iṣẹ́, oníbàárà sì ń bọ̀ wá gba àwòrán rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ọmọ náà tó gba fírídọ̀mù, àìmọye iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá lójú ẹni tó mọ àwòrán wò. Mo rò pé ohun tí a kò kíyè sí nígbà tí fíìmù kógbá sílé nìyí: owó tí àwòrán ń ná wa ló sọ òótọ́ di dandan. Ìgbà tí àwòrán di ọ̀fẹ́, dandan náà kúrò, a kò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹni tí kò wọṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. J.D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin lásán nígbà tó ra kámẹ́rà Brownie D ní 1950, kámẹ́rà kékeré tí kò ní fílásì. Ẹnìkan tó mọ àwòrán yà ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ hàn án. Lẹ́yìn náà ló ń kọ lẹ́tà lé lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ètò ìròyìn n'Ìbàdàn, títí tí wọ́n fi gbà á ní 1954 kó wá máa ṣèrànwọ́ nínú yàrá òkùnkùn. Ọkùnrin yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì ní 1968, tó sábà máa ń yà á láti ẹ̀yìn orí, tí gbogbo ìlà àti kókó irun náà hàn bí ohun tí a fi ọ̀bẹ fín. Nígbà tó kú ní 2014, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé àwọn ilé ọnà ńlá káàkiri àgbáyé. N kò lè fi ara mi wé e. Mo kàn ń rán yín létí pé ẹnìkan tó mọ àwòrán yà ló dá a lóhùn nígbà tí kò tíì jẹ́ nǹkan kan.

Ní 2001, lẹ́yìn ìpàdé àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà ní Bamako, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán kan l'Ékòó kóra jọ sínú ẹgbẹ́ Depth of Field. Uche James-Iroha wà níbẹ̀, Kelechi Amadi-Obi wà níbẹ̀, TY Bello wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Amaize, ọmọ Ojeikere. Lára ohun tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe ni kí wọ́n máa wo iṣẹ́ ara wọn kí wọ́n sì máa tú u wò láìfi bò. Àwọn wọ̀nyẹn ti mọṣẹ́ o, síbẹ̀ wọ́n rí i pé ojú kan kò tó. Ta ni yóò wá wo ti nọ́ọ̀sì àti ti aránṣọ?

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àṣà òyìnbó ni kí a máa tú iṣẹ́ oníṣẹ́ wò ní gbangba, pé ọmọlúàbí kì í sọ àléébù iṣẹ́ ẹlòmíì. N kò gbà. Ẹ bi àwọn ọlọ́dẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé tó kọ lórí ìjálá ní 1966, ṣàlàyé bí àwọn àgbà oníjàálá ṣe máa ń dá ẹni tó ń sun ìjálá lóhùn lójú agbo bí ó bá ṣi oríkì pè. Wọ́n á sọ ibi tó ti ṣì í. Ẹni tí wọ́n bá wí náà lẹ́tọ̀ọ́ láti fèsì, ó lè ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, pé kálukú ló ní ibi tó ti gbọ́ tirẹ̀. Ní ojú gbogbo ènìyàn ni o, láàárín ayẹyẹ. Bí òtítọ́ lójú agbo bá jẹ́ ìwà àìmọ̀wàáhù, oríkì tí a ní lónìí ì bá ti bàjẹ́ tán.

Ti àwọn agbẹ́gilére tilẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1960, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Robert Farris Thompson rìn káàkiri ìlú àti abúlé Yorùbá, ó ń bi àwọn ènìyàn pé èwo nínú àwọn ère ló dára jù lójú wọn, kí ló sì fà á. Àgbẹ̀ dá a lóhùn, ìjòyè dá a lóhùn, agbẹ́gilére dá a lóhùn. Nígbà tó tẹ ohun tí wọ́n sọ jáde ní 1973, ó hàn gbangba pé wọn kì í kàn wo nǹkan kí wọ́n ní ó dára. Wọ́n ń wá jíjọra, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kó jọ ọ́ débi pé gbogbo ẹ̀gbin ara á jáde. Wọ́n ń wá ìfarahàn, pé kí ojú, ẹnu àti ilà hàn ketekete. Wọ́n ń wo dídán ara ère àti bí òjìji ṣe bá a lọ. Wọ́n ń wo gígún rẹ̀, bóyá ó dúró ṣánṣán àbí ó tẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà rí lè sọ gbogbo èyí, kí ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tó ti rí i. Kí ló dé tí àwa ọmọ rẹ̀, tí a ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, fi dúró lórí "ó fín"?

Ẹ jẹ́ kí n mú irú àwòrán kan tí gbogbo wa mọ̀. Màmá àgbà pé ẹni 80 ọdún. Wọ́n gbé àga wọn síwájú kánópì ní aago kan ọ̀sán, wọ́n wọ léèsì funfun, gèlè wọn ga. Ọmọ ọmọ wọn fi fóònù yà wọ́n. Oòrùn wà ní àtàrí, gèlè ṣíji bo ojú, ihò ojú méjèèjì ṣókùnkùn. Léèsì ń tàn yanran, kámẹ́rà bá dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí rẹ̀, ojú màmá wá dúdú ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ọmọ náà rí i pé ojú dúdú, ó ju fíltà sí i. Fíltà náà tan ojú wọn, ó sì pa àbàjà wọn rẹ́. Ọ̀pá kánópì wà lẹ́yìn, ó hù jáde látorí gèlè.

Àwọn ará ilé á ní àwòrán náà dára, torí wọ́n fẹ́ràn màmá. Ẹnìkan tó gbọ́n lójú ara rẹ̀ á ní, "Fóònù lo fi ya irú èyí? Lọ ra kámẹ́rà." Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò wúlò fún ọmọ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú yín sọ fún un rèé:

"Ọmọ mi, ìjókòó màmá dára. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, aṣọ wọn tẹ́ dáadáa, o kò gé ẹsẹ̀ wọn. Máa ṣe ibẹ̀ yẹn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ n kò rí ojú wọn. Nígbà mìíì, gbé àga wọn wọ abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n kọjú síta, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba iwájú wọ abẹ́ gèlè. Fi ìka kan ojú wọn lórí fóònù, kí fóònù lè mọ̀ pé ojú wọn lò ń yà, pé léèsì kọ́. Sún sọ́tùn-ún díẹ̀, ọ̀pá yẹn á kúrò. Má sì fi fíltà kàn wọ́n lójú mọ́. Àbàjà yẹn ni àwọn ọmọ rẹ máa wá nínú àwòrán yìí lọ́jọ́ iwájú, wọn ò sì ní rí i."

Ìṣẹ́jú méjì kò ní pé tí ọ̀rọ̀ yẹn á fi tán. Ọmọ náà kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé, torí wọ́n sọ èyí tó ṣe tó dára fún un, wọ́n sọ ohun tí ojú kò rí, wọ́n sì sọ ibi tí yóò gbé àga sí.

Mo mẹ́nu ba dúdú ojú yẹn nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹlòmíì kò ti lè ràn wá lọ́wọ́ tó yín. Kámẹ́rà gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ló máa já sí. Ó rí funfun tó pọ̀, ó sọ ọ́ di eérú; ó rí dúdú tó pọ̀, ó sọ ìyẹn náà di eérú. Fíìmù gan-an kò ro tiwa rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Kodak fi ń fi àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, pé bí àwọ̀ ara rẹ̀ bá ti tọ́, iṣẹ́ tọ́ nìyẹn. Ní 2021 ni Google gbé fóònù Pixel 6 jáde, tó sì kéde pé àwọn ti tún kámẹ́rà rẹ̀ ṣe kí ó lè ya aláwọ̀ dúdú bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin ti ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ọwọ́ àti ojú yín láti ìgbà fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ń gbé iná sí kí ojú adúmáadán lè dán. Ìmọ̀ yẹn wà lórí yín, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò bá yín lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ máa wo àwòrán wa. Ẹ bá wa bèèrè ohun tí àwòrán náà wà fún kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ nínú fídíò òkèèrè pé kí a pín àwòrán sí ìdá mẹ́ta, kí a má ṣe fi ènìyàn sí àárín gbùngbùn. Ó dára ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Stephen Sprague, tó ṣèwádìí nípa iṣẹ́ àwọn ayàwòrán wa ní Ìlá Ọ̀ràngún tó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1978, rí i pé àwòrán àgbà ní ìlànà tirẹ̀: àgbà á jókòó sí àárín, á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ á wà lórí itan, gbogbo ara á hàn láti orí dé ẹsẹ̀, aṣọ á sì fẹ̀ bí ipò rẹ̀ ṣe fẹ̀. Ó rí àwòrán ìbejì pẹ̀lú, níbi tí ayàwòrán ti tẹ ọmọ kan ṣoṣo tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà kí èkejì rẹ̀ tó ti kú lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi òfin ibòmíì wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ á ní ayédèrú ni. Ìyá tó ni ín kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ kan bá ya bàbá rẹ̀ sí àárín, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Bí ó bá mọ̀ ọ́n mọ̀, ẹ wo bóyá ó ṣe é débi tó yẹ.

N kò fẹ́ èébú. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn kan láàárín wa rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ta tó ló ṣe jẹ́ òótọ́ tó. "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?" "Ìwọ obìnrin, kí lò ń fi kámẹ́rà ṣe?" Kò sí ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ nípa àwòrán tó wà nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí á tọ́jú kámẹ́rà rẹ̀ sínú àpótí, kò sì ní kọ́ pé ọ̀pá wà lẹ́yìn gèlè. Àwòrán ni kí ẹ bá wí. Bí ẹ bá tọ́ka sí nǹkan tó wà lórí bébà, àwa náà lè rí i, a ó sì lè tún un ṣe.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lọ́kàn jẹ́, n kò ní díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ ń rò pé àwa wọ̀nyí ni a ó gbé kámẹ́rà dé ibi ìnáwó lọ́la, tí a ó gba iṣẹ́ yín ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó yín. Ó ti ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ sì ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé ti sọ fún pé ó ti di ọ̀gá ni, tí kò sẹ́ni tó fi ibi tó kù sí hàn án rí. Ẹni tó bá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí ẹ ti fi àléébù àwòrán rẹ̀ hàn án níkọ̀ọ̀kan, mọ ìdí tí owó iṣẹ́ yín fi pọ̀. Òun ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣègbéyàwó pé kó lọ bá oníṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ya àwòrán fún ìfẹ́, mo mọ̀ pé ẹ máa ka lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ yín díẹ̀. Bí wọ́n bá gbà láti wo iṣẹ́ wa, ẹ má gbé 300 àwòrán lọ. Mẹ́ta tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí fóònù ń dán, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ nǹkan pamọ́. Ẹ má kọ́kọ́ ṣàlàyé. Bí ẹ bá ní "òjò ló ń bọ̀ lọ́jọ́ náà," ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń wò. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí tán. Ọ̀rọ̀ náà lè dùn yín wọra, pàápàá tó bá jẹ́ àwòrán tí ẹ fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lẹ́yìn náà, ẹ fèsì bí oníjàálá ṣe ń fèsì. Ẹ lè kọ ìmọ̀ràn. Àgbà méjì lè wo àwòrán kan kí ọ̀rọ̀ wọn má dọ́gba, ẹ̀yin lẹ ó sì yan èyí tó bá ohun tí ẹ ń wá mu. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta tí kò mọ ara wọn bá tọ́ka sí ibì kan náà, ẹ padà lọ wo ibẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní ná yín lówó. Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan lóṣù ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ yín bá wà, n'Ìbàdàn, l'Ábẹ́òkúta, l'Óṣogbo, l'Ádó-Èkìtì, ní Ìlọrin, kí sítúdíò kan ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá mú àwòrán tirẹ̀ wá. Ẹ lẹ àwọn àwòrán náà mọ́ ògiri láìkọ orúkọ ẹni tó yà wọ́n, kí ọmọ olówó àti ọmọ mẹkáníìkì lè gba ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rí, torí bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ta ni yóò tún la ẹnu? Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí aránṣọ tí kò kàwé jìnnà lè gbọ́ ọ yé. Níparí, ẹ mú iṣẹ́ yín kan jáde, bóyá èyí tí kò bọ́ sí i, kí ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe rí i. Ìyẹn ni mo rò pé yóò kọ́ wa jù.

Àwa tí a ń ya àwòrán fún ìfẹ́ á gbé àga wá, a ó ra omi, a ó sì san owó bébà àwọn ọmọ ilé ìwé tí kò bá lágbára rẹ̀. Bí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà sítúdíò yín. A ó ti dé kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ń ya àwòrán fún ìfẹ́, Ìbàdàn.